Bí Olùwádìí Orílẹ̀-Èdè Mẹ́ta Ṣe Lè Jọ Ṣiṣẹ́ Kan: Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Lóko Ẹ̀gẹ́

Iṣẹ́ àrùn ẹ̀gẹ́ ni mò ń ṣe, láti agbègbè Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà títí wọ Kétu nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, pẹ̀lú àwọn olùwádìí Tógò. Àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí máa ń bi mí léèrè bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú àjọṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá láàárín orílẹ̀-èdè tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nìyí.

Ẹ wá ìṣòro tó ń kan gbogbo yín, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibodè. Ìyá kan wà n'Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ pé ọwọ́ àbúrò rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Kétu ló ti ń gba igi ẹ̀gẹ́ tó máa gbìn. Ọ̀kadà ló ń gbé e wá, ní ìdì ìdì. Bí àrùn mosaic, èyí tó ń mú kí ewé ẹ̀gẹ́ ní àbàwọ́n kó sì káko, bá ti wà lára igi yẹn, ó ti wọ Nàìjíríà nìyẹn, kòkòrò funfun tín-ín-tìn-tín tó ń bà sábẹ́ ewé á sì máa gbé e láti orí igi kan bọ́ sórí òmíràn. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ lágbàáyé, síbẹ̀ oko tiwa nìkan kò lè sọ ibi tí àrùn ti ń bọ̀ fún wa.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé a ò lè ṣe é. A ti ṣe é rí. Láwọn ọdún 1970, kòkòrò kan tí ara rẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n da ìyẹ̀fun lé wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ káàkiri Áfíríkà. Ní 1981, wọ́n rí agbọ́n kékeré kan tó ń pa á ní Paraguay. Ọdún yẹn náà ló dé IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sìn ín tí wọ́n sì ń tú u sílẹ̀, títí ó fi dé orílẹ̀-èdè bí 30. Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ nínú ìtàn yẹn ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní láti fọwọ́ sí i, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì ní láti kọ́ iṣẹ́ náà fúnra wọn.

Lẹ́yìn náà, kí ọ̀nà tí ẹ fi ń wo àrùn náà nínú oko tí ẹ sì fi ń kà á dọ́gba. Ibí ni kí ẹ lo àkókò sí jù. Bí tiwa bá sọ pé àrùn náà le, tí ti Tógò sọ pé kò le, tí ojú tí wọ́n fi wò ó sì yàtọ̀, iṣẹ́ méjèèjì ti bàjẹ́. Nínú oko kan, a máa ń rìn ní ìdábùú, láti igun dé igun, lẹ́ẹ̀mejì, títí a ó fi yẹ igi 30 wò. Ẹ̀gẹ́ tó ti lo oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà nílẹ̀ ló dára jù. Ẹ yí ewé márùn-ún òkè dà jẹ́jẹ́, láàárọ̀, kí àwọn kòkòrò funfun má baà fò lọ, kí ẹ kà wọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ fún igi náà ní máàkì láti 1 dé 5. Ení ni igi tí ewé rẹ̀ mọ́ ságá. Èjì ni èyí tí àbàwọ́n rẹ̀ kò tíì pọ̀. Ẹ̀ta ni èyí tí àbàwọ́n ti gba ewé, tí ìdí ewé sì ti ń fún pọ̀. Ẹ̀rin ni èyí tí ewé ti káko tó sì kéré, àrùn-ún ni èyí tí ewé ti bàjẹ́ pátápátá tí igi náà sì ràrá.

Ariyanjiyan kì í pọ̀ lórí ení àti àrùn-ún. Àárín èjì àti ẹ̀ta ni ìjà wà. Nítorí náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó gbogbo èèyàn yín sínú oko kan ṣoṣo. Kí kálukú fún igi 30 kan náà ní máàkì láìwo ìwé ẹnikejì, kí ẹ wá fi wọ́n wéra, kí ẹ padà sídìí igi tí èrò yín ti yapa, kí ẹ sì jọ wò ó. Ẹ tún un ṣe títí ojú yín á fi di ọ̀kan. Ẹgbẹ́ WAVE, ìyẹn àwọn olùwádìí tó ń bá àrùn ẹ̀gẹ́ jà, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Bingerville ní Côte d'Ivoire, tó sì ní ẹ̀ka ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Nàìjíríà pẹ̀lú àwọn mìíràn, gbé iṣẹ́ rẹ̀ ka orí ìlànà kan náà fún gbogbo èèyàn rẹ̀.

Ní ti èdè, Yorùbá ló ń tán wàhálà láàárín àwa àti àgbẹ̀ Kétu. Ẹ kọ ìwé ìbéèrè yín ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹlòmíràn tún un tú padà, kí ẹ rí i bóyá ìtumọ̀ kò yí.

Ewé tí ẹ já nínú oko nílò àdéhùn tirẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín bébà ìwé ìròyìn kó gbẹ. Àmì kòkòrò àrùn mosaic kò ní parẹ́ nínú rẹ̀, ẹ ò sì nílò yìnyín. Ṣùgbọ́n kí ewé kan tó kọjá ibodè, kí ó ti wà lákọsílẹ̀ ta ló ni ín, yàrá àyẹ̀wò wo ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé tí ẹ bá tẹ̀ jáde, àti ibi tí dátà náà yóò wà. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ìlera ọ̀gbìn lọ́tùn-ún lósì. Mo fi gbogbo ọkàn sọ èyí: ó ti pẹ́ jù tí ewé Áfíríkà ti ń lọ sókè òkun tí orúkọ ẹni tó já a kì í bá a padà.

Ẹ ṣètò iṣẹ́ náà kó lè máa bá a lọ bí ọ̀nà bá tilẹ̀ dí. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa ní àyè láti wọ ilẹ̀ ara wa láìgba físà fún 90 ọjọ́, síbẹ̀ Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020. Kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó lè ka oko tirẹ̀ dé òpin, tó sì lè fi dátà ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Owó náà ń kọ́? Àwọn tó ń fúnni lówó kì í sábà mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí owó bá dé lẹ́yìn tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti gbọn ewé dànù, kò sí ohun tí ẹ ó kà mọ́. Ẹ kọ oṣù tí ẹ máa wọ oko sínú ìwé tí ẹ fi ń béèrè owó, kí ẹ sì ní kí ó dé ṣáájú rẹ̀. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀ tààrà, náírà fún wa, sẹ́fà fún Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò.

Bí èsì bá jáde, ẹ gbé e padà fún àwọn àgbẹ̀ lápá méjèèjì kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, nígbà tí wọ́n ṣì ń wá igi tí wọ́n máa gbìn. Ẹ mú igi tó mọ́ dání, kí ẹ fi ewé tó ní àrùn hàn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Ìmẹ̀kọ àti àbúrò rẹ̀ ní Kétu ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá.