Bí A Ṣe Lọ Wo Ẹyẹ Apárí Nínú Ẹgàn Gánà

Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo ẹyẹ nínú ẹgàn, amọ̀nà ni kó kọ́kọ́ wá, kó tó máa wá òtẹ́ẹ̀lì. Ohun tí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ṣe nìyẹn nígbà tí a ní a fẹ́ fojú ara wa rí Picathartes gymnocephalus. Ẹyẹ yìí ò sí níbòmíràn láyé àfi láti Guinea títí dé Gánà, nínú igbó tó bá ní àpáta. Ní Gánà fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá tí ẹnikẹ́ni ò kófìrí rẹ̀, títí wọ́n fi tún rí i ní 2003. Ẹyẹ apárí ni èmi ń pè é, torí kò sí ìyẹ́ kankan lórí rẹ̀. Awọ lásán ni, ó pọ́n bí ìyeyè, àmì dúdú roboto sì wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ méjèèjì.

A kọ̀wé sí àwọn amọ̀nà bíi mélòó kan. Ìbéèrè mi ò pọ̀: ṣé etí lẹ fi ń mọ ẹyẹ àbí ojú? Èèyàn mélòó lẹ máa ń kó wọgbó lẹ́ẹ̀kan náà? Owó tí ẹ pè yìí, ṣé owó ọgbà àti owó abúlé wà nínú rẹ̀? Ẹnì kan fi fọ́tò ibi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ dípò ìdáhùn. A fi tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí a mú, òun gan-an ló tún yí i padà tó ń bi wá: ṣé eékún yín le? Ṣé ẹ lè jókòó wákàtí méjì láìsọ̀rọ̀? Àbúrò mi wò mí. Mo ní, "Ìwọ ló ń bá wí."

Báínókúlà lẹrù tó ṣe pàtàkì jù. Bó bá jẹ́ inú igbó lẹ̀ ń lọ, 8x42 ni kí ẹ wá. 8 ni ìlọ́po tó fi ń fa nǹkan súnmọ́ni, 42 ni fífẹ̀ awò iwájú rẹ̀ ní mìlímítà. Inú ẹgàn ṣú lọ́sàn-án gangan, bí awò iwájú bá sì ṣe fẹ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe máa pọ̀ tó. 10x42 ń fa nǹkan súnmọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́, àmọ́ bọ́wọ́ bá ti gbọ̀n díẹ̀, ohun tí à ń wò náà á máa gbọ̀n. Ẹ fi ẹ̀gà tó wà lórí ọ̀pẹ àdúgbò yín kọ́ṣẹ́ kí ẹ tó lọ: ẹ tẹjú mọ́ ẹyẹ náà, kí ẹ wá gbé báínókúlà bọ ojú láìgbójú kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wolẹ̀ kó tó gbé e sójú, ẹyẹ á ti lọ. Ní ti aṣọ, ẹ má wọ funfun. Kí ẹ sì ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, torí ìjàlọ ò mọ àlejò.

Ojú ọ̀nà la gbà láti Èkó: Sẹ̀mẹ̀, Kùtọnu, Lomé, Aflao. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tì àti yẹ́lò káàdì dání, kí ẹ sì ní sùúrù. Kò sóhun tuntun tí mo fẹ́ sọ nípa bọ́dà tí ẹ ò tíì gbọ́ rí.

Kakum la kọ́kọ́ lọ, lókè Cape Coast. Ọgbà ìjọba ni láti 1992. Afárá okùn tó sọ ibẹ̀ di ìlúmọ̀ọ́ká, 1995 ni wọ́n ṣe é: afárá méje tí wọ́n so mọ́ àwọn igi ńláńlá, gígùn gbogbo wọn jẹ́ mítà 350, ibi tó ga jù lọ sì tó mítà 40 sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ síbẹ̀ láti kígbe kí wọ́n sì ya fọ́tò, ẹyẹ ò sì dúró gbọ́ irú ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí amọ̀nà wa fi ti bá àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà sọ̀rọ̀ ṣáájú, tí wọ́n jẹ́ ká gun òkè nígbà tí ìkùukùu ṣì bo orí igi.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí a sanwó fún. Amọ̀nà wa dúró lórí pèpéle tí wọ́n kọ́ mọ́ ara igi, ó di ojú, ó ń tẹ́tí. Ariwo tó jẹ́ ariwo kan ṣoṣo létí tèmi, ó ń tú u sí wẹ́wẹ́: tibí ń kọrin, tọ̀hún ń pe aya rẹ̀, ìyẹn ń bínú. Ìgbà tó bá la ojú, á sọ igi, á sọ ẹ̀ka, á gbé ẹ̀rọ awòjìnà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kọjú síbẹ̀, á ní ká wá wò. Ohùn ẹyẹ wà lórí fóònù rẹ̀ tó lè fi tàn wọ́n wá, àmọ́ kò lò ó ju ìgbà díẹ̀ lọ. Ó ní tí ẹyẹ bá gbọ́ ohùn irú rẹ̀ lágbègbè rẹ̀, ó gbà pé ẹlòmíràn wá gba ilé òun ni. Á pa oúnjẹ tì, á máa wá ọ̀tá tí kò sí kiri.

Àgbìgbò ò ní kí ẹnikẹ́ni tàn án wá. Ìró ìyẹ́ apá rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́, kí méjì tó kọjá lókè orí wa. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Àgbìgbònìwọ̀nràn àti pósí tó rù á mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí ohun ńlá tó gbé ka orí àgógó rẹ̀. Odídẹ̀rẹ́ la wò títí tí a ò rí. Láti 1992, iye tó wà ní Gánà ti dín ju 90% lọ. Àwọn tó ń kó wọn tà àti àwọn tó ń gé igi ńlá tí wọ́n ń yé sí ló fà á. Títà èyí tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ti di èèwọ̀ báyìí.

Ní ọ̀nà, a dúró lórí afárá odò Pra ní Twifo Praso. Àwọn ẹyẹ kéékèèké kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbé orí àpáta láàárín omi. Omi náà pọ́n kọ̀ǹkọ̀, iṣẹ́ àwọn awakùsà góòlù. Amọ̀nà wa ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀.

Bonkro lẹyẹ apárí wà, ní ilẹ̀ Àṣáńtì. Abúlé ni. A kí àwọn àgbà, a san owó ìlú, wọ́n fi ọmọ abúlé kan kún wa tó mọ ọ̀nà àpáta náà. Ẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lówó lọ́tọ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ tí àlejò ò sí. A gba inú oko kòkó kọjá, ọ̀nà tẹ́jú, àbúrò mi ń sọ pé kí ni wọ́n ń fi eékún dẹ́rù bani sí. Ibi ìparí ló dáhùn: òkè ṣánṣán, gbòǹgbò igi là ń dì mú. Lókè, àpáta ńlá kan yọ síwájú bí a ò ṣe rò. Abẹ́ rẹ̀ gbẹ táútáú, òjò ò lè débẹ̀. Lára ògiri àpáta náà ni àwọn ìtẹ́ wà, amọ̀ tí wọ́n fi ẹnu gbé díẹ̀díẹ̀ wá láti etí omi, tí wọ́n pò mọ́ koríko, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpáta ní ibi tí ejò ò ti lè gùn ún. Nínú irú ìtẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń yé ẹyin méjì sí.

Ìjókòó ti wà níbẹ̀. Kí aago mẹ́rin tó lù la ti jókòó, fóònù ti kú, báínókúlà ti wà láyà. Ọ̀sán ni ẹyẹ yìí fi ń jẹ kiri nílẹ̀ igbó, kòkòrò àti àkèré, ó sì máa ń tẹ̀lé ìjàlọ láti ṣa ohun tó bá sá níwájú wọn. Ìrọ̀lẹ́ ló ń padà wálé. Ẹ̀fọn ń jẹ wá. Àbúrò mi fọwọ́ kàn mí, ó fẹ́ sọ nǹkan, mo fojú bá a wí.

Kò sí ariwo tó ṣáájú rẹ̀. Mo wo àpáta, kò sí nǹkan. Mo tún wò, ó ti dúró níbẹ̀. Ó ga ju bí mo ṣe rò, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ funfun nini. Kì í rìn, fífò ló ń fò, láti orí òkúta bọ́ sórí ìtàkùn, ìtàkùn bọ́ sórí òkúta, láìna apá. Ó dúró, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó fi ojú dúdú ńlá kan wò wá, ó tún yí i sósì, ó fi ìkejì wò wá. Ẹ̀kejì rẹ̀ wá. Wọ́n ń fi àgógó tún ìyẹ́ ara wọn ṣe lójú wa títí ìmọ́lẹ̀ fi tán. Amọ̀nà wa ò tan iná sí wọn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo fíláàṣì. Ìgbà tí a délẹ̀ pẹrẹsẹ ni àbúrò mi tó lanu: "Àǹtí mi, ẹ rí i bó ṣe ń wò wá bíi pé àwa ló wá wò?"

Ọ̀kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ wà ní Nàìjíríà tiwa, ní Cross River, àwọ̀ pupa àti búlúù ló wà lórí tìyẹn. Ìyẹn ṣì wà níwájú.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, a yà sí Shai Hills, lọ́nà Tema sí Akosombo. Pápá àti òkè olókùúta ni, ilẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹsẹ̀ sinmi. Àlùkò ni mo bá lọ síbẹ̀. Ó jókòó, ó dúdú tó ń kọ mọ̀nà. Ó fò, apá rẹ̀ ṣí, ó pupa fòò. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀: "Àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn…" Amọ̀nà wa ní òótọ́ ni osùn yẹn: bàbà wà nínú àwọ̀ pupa ìyẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹyẹ mìíràn tó ní irú rẹ̀ lẹ́yìn ìdílé àlùkò.

Mo bi í léèrè agbe. Ó ní ọdẹ ti jẹ́ kó ṣọ̀wọ́n nínú igbó Gánà, àmọ́ ní Ùgáńdà, inú ọgbà igi tó wà ní Entebbe lèèyàn á dúró sí tí á máa wò ó lórí ẹ̀ka. Kó tó sọ ọ́ tán, àbúrò mi ti tan fóònù, ó ń wo iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì láti Èkó.