Ẹ má fi sẹ̀ǹtímítà bẹ̀rẹ̀: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíkọ nípa ẹyẹ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ wọ́n

"Ẹ̀gà jẹ́ ẹyẹ kan nínú ẹbí Ploceidae. Ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16. Àgógó rẹ̀ dúdú, ó sì ki." Kò sí irọ́ nínú gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ṣùgbọ́n kí òǹkàwé tó dé ìparí wọn, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń bẹ̀rẹ̀, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé àwọn onímọ̀ ṣe tò ó. Ẹni tó ti mọ ẹyẹ ni wọ́n ṣe ìwé yẹn fún. Ẹni tí kò mọ ẹ̀gà kò tíì ní ìdí kankan tí yóò fi bìkítà bóyá 16 ni tàbí 60.

Ohun tí ẹyẹ ń ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Akọ ẹ̀gà á bà sórí imọ̀ ọ̀pẹ, á fi ẹnu gé etí ewé kan, á dì í mú, á sì fò lọ. Bó ṣe ń fò ni ewé náà ń ya tẹ̀lé e ní tẹ́ẹ́rẹ́. Ewé tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ló fi ń hun ìtẹ́ tó ń so rọ̀ ní ṣóńṣó ẹ̀ka. Tó bá hun ún tán, á dorí kodò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á máa gbọn apá, á máa pariwo kí abo lè wá wò ó. Abo á wọlé, á fa ibí, á tu ọ̀hún. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó di gbéré. Ìtẹ́ tí abo kankan kò gbà títí ewé rẹ̀ fi gbẹ, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò sì tún fi ewé tútù hun òmíràn. Ẹ sọ èyí ná, kí ẹ tó sọ bí ó ṣe gùn tó. (Òǹkàwé lè má béèrè gígùn rẹ̀ mọ́ rárá. Kò burú.)

Àṣìṣe mìíràn ni kí a máa to àwọ̀ ẹyẹ láti àgógó dé èékánná bí ẹni ń ka ẹrù inú àpótí. Òkèèrè ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo ẹyẹ ti ń rí i, oòrùn ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi fò. Àmì méjì tàbí mẹ́ta ló lè gbé sọ́kàn. Ẹ mú lékèélékèé. Tí ẹ bá ní ó funfun, tí ẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹyẹ etí omi mìíràn wà tó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni àgógó aláwọ̀ ìyeyè tó kúrú, ọrùn tí kò gùn tó ti àwọn yòókù, àti pé ẹ̀yìn màlúù ló máa ń wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tó ń ṣa tata tí ẹsẹ̀ màlúù lé jáde. Ó tó.

Ṣùgbọ́n kí ẹ fi kún un pé nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin, orí, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ní ìyẹ́ tó pọ́n díẹ̀. Ẹni tí ẹ sọ fún pé funfun báláú ni yóò rí i lásìkò yẹn, yóò sì ní ẹyẹ mìíràn ni. Abo ẹ̀gà kò ní orí dúdú bíi ti akọ, nítorí náà igi kan ṣoṣo lè jọ ilé ẹyẹ oríṣi méjì lójú ẹni tí kò mọ̀. Ọmọ flamíńgò, ẹyẹ etí omi ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, kò pupa, àwọ̀ eérú ló ní; oúnjẹ ló ń sọ ọ́ di pupa bó ṣe ń dàgbà.

Fún ìwọ̀n, ẹ fi ẹyẹ wé ẹyẹ: ó tó ẹyẹlé, ó kéré sí ológosẹ́. Fún ohùn, "ó dùn" kò sọ nǹkan kan. Ẹ sọ iye ìgbà tó ń ké kó tó sinmi, àti bóyá ohùn náà ń lọ sókè tàbí ó ń wálẹ̀. Ní ti orúkọ, gbogbo ẹyẹ tó bá ti lè gbé òròmọdìẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní àwòdì tàbí àṣá. Ẹ kọ orúkọ Látìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ wá a sí i lè rí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni irọ́ tí a ń dà kọ láti ọwọ́ ara wa. Ògòǹgò kì í ri orí bọ yanrìn. Inú kòtò tó gbẹ́ sílẹ̀ ló ń yé sí, ó sì máa ń tẹ orí ba láti fi ẹnu yí ẹyin padà; ẹni tó wà lókèèrè ló ń sọ pé orí ti wọlẹ̀. Irú irọ́ báyìí kì í kú bọ̀rọ̀. Láyé àtijọ́, awọ ẹyẹ párádísè tó ń ti New Guinea dé Yúróòpù kì í ní ẹsẹ̀, torí pé àwọn tó ń sá awọ náà ti gé e kúrò. Kíá, wọ́n ti ń sọ níbẹ̀ pé ẹyẹ náà kì í bà rárá, pé òfuurufú ló ń gbé títí dọjọ́ ikú. Nígbà tí Carl Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó ń fún ẹ̀dá ní orúkọ Látìn, fún un lórúkọ ní 1758, apoda ló pè é, ìyẹn aláìlẹ́sẹ̀, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ di òní.

Ti àkókó, ẹyẹ tó ń fi ẹnu gbẹ́ igi, ṣì ń jà ràn-ìn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ ọ́ pé egungun orí rẹ̀ ló ń gba ìgbámọ́lẹ̀ náà mọ́ra kí ọpọlọ má baà mì. Ní 2022, àwọn onímọ̀ tó fi kámẹ́rà ayára-bí-àṣá wò ó rí i pé orí náà le gbagidi, kò gba nǹkan kan mọ́ra. Tó bá jẹ́ pé ó ń gbà á ni, agbára tó fi ń gbẹ́ igi ì bá ṣòfò. Ọpọlọ rẹ̀ tó kéré ni kò jẹ́ kó fara pa. Ẹ máa wo ọdún tí wọ́n kọ ohun tí ẹ ń kà.

Nọ́ńbà ńlá náà ní ewu tirẹ̀. Ní 2022 kan náà, bar-tailed godwit kan, ẹyẹ etíkun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tí wọ́n de ẹ̀rọ mọ́ lára fò láti Alaska ní Amẹ́ríkà dé Tasmania, erékùṣù kan ní Ọsirélíà, kìlómítà 13,560, ní ọjọ́ 11, láìdúró. Ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé sábà máa ń dákẹ́. Ẹ tẹ̀ síwájú: ọmọ oṣù márùn-ún ni. Kò lè bà sórí òkun kó sinmi. Kí irú wọn tó gbéra, wọ́n á jẹun títí ọ̀rá yóò fi kún ara wọn, ìfun wọn yóò sì súnkì kí ara lè fúyẹ́. Nígbà yìí ni 13,560 tó wọni lára.

Ẹ tún ṣọ́ra fún fífi ìwà ènìyàn wọ ẹyẹ. Òwìwí tí ẹ ní ó burú, tí ẹlòmíràn ní ó gbọ́n, ojú rẹ̀ ni kò lè yí nínú ihò. Ìdí nìyẹn tó fi ń yí gbogbo orí, tó ń tẹjú mọ́ yín. Gúnnugún ló ń jìyà rẹ̀ jù. A ó kọ gbólóhùn mẹ́ta pé ọ̀bùn ni, a ó wá ní kí ènìyàn dáàbò bò ó ní ìkẹrin. Ẹ kúkú sọ ti Íńdíà. Láti bíi ọdún 1990 síwájú, gúnnugún tó ń jẹ òkú màlúù tí wọ́n ti fún ní diclofenac, oògùn apàrora, bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ rẹpẹtẹ; irú mẹ́ta dín kù ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Òkú ẹran ń jẹrà níta, ajá ìgboro ń pọ̀ sí i. Ìjọba fòfin de oògùn náà fún ẹran ní 2006.

Àṣìṣe kan ṣẹ́ kù tó lè pa ẹyẹ fúnra rẹ̀: kí ẹ sọ ibi tí ìtẹ́ ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n wà. Wọ́n kó odídẹrẹ́ inú igbó tà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè inú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, fi dìbò ní 2016 láti fòpin sí òwò rẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tó ń wá odídẹrẹ́ tí yóò tà náà mọ̀wé kà. eBird pàápàá, ìkànnì tí àwọn tó ń wo ẹyẹ ti ń kọ ohun tí wọ́n rí, máa ń fi ibi tí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ wà pamọ́. Irú ibi tó fẹ́ràn ni kí ẹ sọ, etí odò tàbí orí igi gíga, kí ẹ má dárúkọ igi. Ẹ yẹ fọ́tò wò pẹ̀lú, torí fóònù lè ti kọ ibi tí ẹ ti yà á sínú rẹ̀. Ẹ pa àkọsílẹ̀ ibi náà rẹ́ kí ẹ tó gbé fọ́tò náà síta. Bí ẹnì kan bá sì kọ̀wé sí yín pé òun fẹ́ mọ ibẹ̀ gan-an, ẹ júwe ẹyẹ náà fún un dáadáa, kí ó lọ wá tirẹ̀.