Bí A Ṣe Ń Fi Ọjọ́ Mẹ́rin Gbafẹ́ Ní Istanbul Láìkánjú

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa tó máa ń lọ sí Istanbul, ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, kò mọ ibòmíràn níbẹ̀ ju Laleli lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra aṣọ àti bàtà ní iye owó alátùntà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di ẹrù fún àwọn tó ń bá wọn kó o wá sílé, bí wọ́n bá sì ti ka àpò tán, ó di pápákọ̀ òfurufú. Bẹ́ẹ̀, láti Laleli dé ibi tí gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ wá sí ìlú náà kò tó ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá lè yọ ọjọ́ mẹ́rin sọ́tọ̀, yálà lẹ́yìn ọjà ni o tàbí ìgbafẹ́ nìkan ló bá lọ, ni mo ń kọ àlàyé yìí fún.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé omi ló pín ìlú náà. Bosphorus, ọ̀nà omi tó so Òkun Dúdú pọ̀ mọ́ Òkun Marmara, gba àárín rẹ̀ kọjá, tó fi jẹ́ pé apá kan wà ní Yúróòpù, apá kejì sì wà ní Éṣíà. Omi mìíràn tí wọ́n ń pè ní Haliç, tó ya wọ inú ilẹ̀ bí ọ̀sà, tún pín apá ti Yúróòpù sí méjì: ìlú àtijọ́ wà ní gúúsù rẹ̀, Galata àti Beyoğlu sì wà ní àríwá. Àwọn tó ń gbé ìlú yìí lé ní mílíọ̀nù 15, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ti Èkó lọ, nítorí náà ẹni tó bá ní òun fẹ́ rí apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan, inú ọkọ̀ ni ọjọ́ náà yóò ti ṣú u. Ẹ fi ọjọ́ kan fún apá kan, kí ẹ sì fi ọjọ́ kẹrin sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ lè padà síbi tó bá wù yín jù.

Oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún, tàbí oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, ni ojú ọjọ́ máa ń tuni lára jù lọ. Òtútù máa ń mú gan-an láàrin oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, yìnyín a sì máa bọ́ nígbà mìíràn. Ẹ ti parí ọ̀rọ̀ físà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ìwé ìrìnnà yín sì máa wà lára yín bí ẹ bá ń jáde, nítorí ọlọ́pàá lè dá àlejò dúró kó béèrè rẹ̀. Ní ti owó, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé iye tí ẹni tó lọ ní èṣí bá sọ fún yín, torí pé owó lírà wọn kì í dúró sójú kan. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa ṣẹ́ ẹ.

Ẹ̀rọ tó ń ta káàdì ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Istanbulkart wà ní àwọn ibùdókọ̀ ńláńlá. Ẹ ra ọ̀kan, kí ẹ sì máa fi owó sí i, nítorí òun ni ẹ óò fi wọ bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àti tram, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn láàrin ìgboro. Bí ẹ bá rí òtẹ́ẹ̀lì tó sún mọ́ ojú ọ̀nà tram T1, ibẹ̀ ni kí ẹ dé sí, torí pé tram yìí kan náà ló gba Laleli, Beyazıt, Sultanahmet, Sirkeci àti Eminönü kọjá, tó sì gun orí afárá Galata dé Karaköy àti Kabataş.

Lọ́jọ́ kìíní, ẹ má wọ ọkọ̀ rárá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Beyazıt, kí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ lójú ọ̀nà Divanyolu, tó ti jẹ́ òpópónà pàtàkì láti ayé àwọn ará Róòmù. Ẹ óò kọjá lẹ́bàá òpó Çemberlitaş, tí Ọba Constantine gbé nàró nígbà tó sọ ìlú náà di olú-ìlú rẹ̀ ní ọdún 330. Kò jìnnà síbẹ̀ tí ẹ óò fi dé ilé ibojì Sultan Mahmud Kejì létí títì. Kò yẹ kí ọmọ Èkó kọjá níbẹ̀ láìdúró, nítorí inú ilé ibojì yìí kan náà ni wọ́n sin Sultan Abdul Hamid Kejì sí, ẹni tó fi oyè Bey ránṣẹ́ sí Mohammed Shitta, gbajúmọ̀ oníṣòwò tí wọ́n bí sínú ìdílé Yorùbá ní Sierra Leone, nígbà tí wọ́n ń ṣí mọ́sálásí tó kọ́ sí Èkó ní ọdún 1894. Abdullah Quilliam, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ará Liverpool, tó di Mùsùlùmí, ni Sultan fi oyè náà rán, bí ìdílé náà ṣe di Shitta-Bey títí di òní nìyẹn.

Iwájú díẹ̀ sí i, ní àdúgbò Sultanahmet, ni Ayasofya wà. Ọba Justinian ló kọ́ ọ parí ní ọdún 537 gẹ́gẹ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó di mọ́sálásí nígbà tí Sultan Mehmed Kejì gba ìlú náà ní 1453, wọ́n sọ ọ́ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lẹ́yìn ìpinnu ọdún 1934, ó sì tún padà di mọ́sálásí ní 2020. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà fún àwọn tó fẹ́ kírun. Àlejò tó wá wòran yóò sanwó, òkè ni yóò sì gbà. Mọ́sálásí Sultan Ahmed tó kọjú sí i, tó ní ilé ìpèrun mẹ́fà, kò gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí òǹwòran wọlé lákòókò ìrun, pàápàá lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mú ìborùn dání. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má wọ ṣòkòtò péńpé.

Bí ẹ bá wo àwọn méjèèjì yìí tán, ó tó. Ààfin Topkapı wà nítòsí, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọjọ́ gbáko ló ń gbà, wọn kì í sì í ṣí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní tèmi, Süleymaniye ni ẹ óò gbà lọ nírọ̀lẹ́, mọ́sálásí tí Sinan, àgbà ọ̀mọ̀lé, kọ́ parí ní 1557 sórí òkè tó kọjú sí Haliç. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀ kò sí ní Sultanahmet. Àwọn ilé oúnjẹ tó tò sí iwájú rẹ̀ gbajúmọ̀ fún kuru fasulye, ẹ̀wà funfun tí wọ́n fi tòmátì sè, tí wọ́n ń fi ìrẹsì jẹ. Ẹni tó ti fi ẹ̀wà àti ìrẹsì dàgbà kò ní ṣe àlejò níwájú àwo náà.

Omi ni ọjọ́ kejì wà fún, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Eminönü lọ sí Kadıköy ní apá Éṣíà. Bí ogún ìṣẹ́jú ni, iye tí ẹ óò san kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn tó ń ta ìrìn àjò orí omi fún àlejò yóò bù lé yín. Ẹ jókòó síta, kí ẹ ra çay, ìyẹn tíì wọn, àti simit, búrẹ́dì roboto tí wọ́n da ẹ̀kúkù sí lára. Àwọn ẹyẹ òkun yóò máa fò tẹ̀ lé ọkọ̀, torí pé àwọn èèyàn máa ń ju simit sí wọn. Ní Kadıköy, ẹ wọ inú ọjà ẹja àti ti ólíìfù, kí ẹ jẹun, kí ẹ má sì wá ohun ńlá kankan lọ. Nígbà tí oòrùn bá ń lọ wọ̀, kí ẹ ti wà ní etí omi Üsküdar, níbi tí ẹ óò ti máa wo ìlú àtijọ́ lódìkejì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, Marmaray, ọkọ̀ ojú irin tó gba abẹ́ òkun láti ọdún 2013, yóò gbé yín padà sí Sirkeci kí ẹ tó mọ̀.

Ẹ kọ́ èdè wọn díẹ̀. Lẹ́tà ş wọn kò yàtọ̀ sí ṣ wa, c wọn sì ni j wa. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, «kolay gelsin» ni wọ́n ń kí i, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó se oúnjẹ, wọn a ní «elinize sağlık», kí ọwọ́ rẹ̀ ó le. Wọn kì í pe àgbà lórúkọ lásán: abi ni bọ̀ọ̀dá, abla sì ni àǹtí. Ẹ fi èyí bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó béèrè ọ̀nà, kí ẹ sì wo bí ojú onítọ̀hún yóò ṣe yí padà.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ fẹsẹ̀ kọjá lórí afárá Galata, láàrin àwọn apẹja, kí ẹ sì wọ Tünel ní Karaköy, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kúkúrú tó ti ń gun òkè láti ọdún 1875. Òpin rẹ̀ ni òpópónà İstiklal ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìṣọ́ Galata, tí àwọn ará Genoa kọ́ ní 1348, dára láti ìsàlẹ̀; èrò tó ń tò láti gun orí rẹ̀ máa ń pọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí kò mọ̀ yín rí tó ní kí ẹ jẹ́ ká lọ mu nǹkan, àti fún anù-bàtà tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá já bọ́ níwájú yín. Ó mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sílẹ̀ ni. Bí ẹ bá bá a mú un, yóò nu bàtà yín bí ẹni ń dúpẹ́, yóò sì béèrè owó gọbọi.

Ọjọ́ kẹrin di tiyín. Bí ẹ bá fẹ́ rajà ní Kapalıçarşı, ọjà àtijọ́ tí wọ́n kọ́ òrùlé lé, ẹ má jẹ́ kó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú torí wọn kì í ṣí. Ẹ ná ọjà dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má ná ohun tí ẹ kò ní í rà. Ẹ wọn àpò yín ní òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì tètè gbéra, nítorí pápákọ̀ òfurufú tuntun wọn jìnnà sí ìgboro: ọkọ̀ ojú irin M11 láti Gayrettepe ló yá jù fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀, bọ́ọ̀sì pápákọ̀ ló sì dára fún ẹni tó ti Laleli bọ̀.