Bí mo ṣe lọ wo àwọ̀ ara Saturn V ní Houston kí n tó kun tèmi

Mo ń to mọ́dẹ́lì oníke kan lọ́wọ́, ti Saturn V, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé èèyàn lọ sí òṣùpá; ibi ọ̀dà kíkùn ni mo dé tí iṣẹ́ dúró. Àwọn fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì ò bára mu: òmíràn funfun báláú, òmíràn ti dípẹtà. Houston ni mo sì ń gbé, níbi tí ojúlówó wà, ni mo bá gbé kámẹ́rà.

Ọkọ̀ tó ń kó àlejò ló gbé wa dé Rocket Park, ibi tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ń pàtẹ rọ́kẹ́ẹ̀tì sí. Ẹ tètè lọ láàárọ̀ o! Tí àwọn ọmọ iléèwé bá ti dé, kò sí fọ́tò tẹ́ ẹ máa yà tí orí ẹlòmíì ò ní yọ síbẹ̀.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà dùbúlẹ̀ gbalaja nínú ilé gbọọrọ kan, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 363. Ìdí rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì F-1 márùn-ún wà. Ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Ibẹ̀ ni mo pẹ́ sí jù. Ògiri ẹ́ńjìnnì lápá òkè kì í ṣe irin pẹlẹbẹ, ọ̀pá tín-ín-rín tín-ín-rín ni wọ́n tò mọ́ra tí wọ́n jó pọ̀. Kẹrosíìnì á kọ́kọ́ gba inú wọn kọjá kó tó lọ jóná, kí iná má baà yọ́ ògiri náà. Nísàlẹ̀, ọ̀pá tán, páìpù ńlá kan wé e yí ká: èéfín táábáìnì (ẹ̀rọ tó ń yí pọ́ǹpù epo) ló ń gbà á wọlé láti bo ògiri ìsàlẹ̀, torí èéfín yẹn ò gbóná tó iná gan-an. Mo wá rí i pé àwọ̀ kan ṣoṣo ò lè tọ́ sí ẹ́ńjìnnì yìí. Fàdákà ni mo fi kun òkè tèmi, mo fi àwọ̀ eérú kun ìsàlẹ̀.

Mo wá rìn gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ara táǹkì epo àti ti ọ́síjìn dán, ṣùgbọ́n àárín táǹkì méjèèjì ní ìlà bíi páànù òrùlé.

Ní ti ọ̀dà, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Láti 1977 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ti wà níta gbangba, nínú òjò, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin Houston. Alumíníọ̀mù rẹ̀ jẹ, koríko hù sí i lára, ẹyẹ kọ́lé sínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó kọ́ ilé bò ó, tí wọ́n sì tún un ṣe títí di 2007. Funfun tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn, ti àwọn alátùn-únṣe ni. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀, abẹ́ ikùn ni kẹ́ ẹ wò. Mo lóṣòó, mo tan iná fóònù sí i ní ìfẹ̀gbẹ́kan, ibi tó tẹ̀ wọnú díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà sì yọ síta. Èmi ò fi ọ̀dà tó ń dán kun tèmi rárá.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ló kù. Apá mẹ́ta ni wọ́n tò léra di rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, àmọ́ wọn kì í ṣe ti rọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà: ti rọ́kẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà 514 ni àkọ́kọ́, 515 ni ìkejì, 513 ni ìkẹta. Apá àkọ́kọ́ àti ìkejì ti 513 ló gbé Skylab, ibùdó òfuurufú Amẹ́ríkà, lọ sókè ní oṣù Karùn-ún 1973, tí wọ́n fi apá ìkẹta yìí sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lẹ nọ́ńbà mọ́ mọ́dẹ́lì ti Houston, ẹ lẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.