Bí ẹ ṣe lè bá ẹni tó ní ayé tẹ́ pẹrẹsẹ sọ̀rọ̀

Ẹ má kọ́kọ́ bú u. Àbúrò mi ní Kubwa l'Abuja níbí kì í ṣe òpè. Fídíò kan ló wò lórí YouTube, ìyẹn fa òmíràn wá, kò sì rí nǹkan mìíràn wò mọ́. Ẹni tí àwọn aláṣẹ ti já kulẹ̀ léraléra, kò ṣòro fún un láti gbà pé irọ́ làwọn onímọ̀ náà ń pa. Nítorí náà, ẹ bi í pé ta ni kò gbà gbọ́ mọ́, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí ayé bá rí roboto, kí ló dé tí omi Usuma Dam tẹ́ pẹrẹsẹ?” Ìbéèrè gidi ni. Ayé fẹ̀ púpọ̀, àyíká rẹ̀ tó 40,000 kìlómítà. Ojú ò lè rí ìtẹ̀kọrọ̀ rẹ̀ lórí omi kékeré bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá fún un ní ohun tó lè fojú ara rẹ̀ rí. Nírọ̀lẹ́, ẹ jọ pe èèyàn yín ní Maiduguri: oòrùn á ti wọ̀ lọ́dọ̀ wọn ní bí 20 ìṣẹ́jú ṣáájú Abuja, Ìlọrin á sì ṣì máa rí i lẹ́yìn tiwa. Bí ayé bá tẹ́ pẹrẹsẹ ni, ìgbà kan náà ni oòrùn ì bá máa wọ̀ fún gbogbo wa. Tí òṣùpá bá tún ṣókùnkùn bíi ti September 7, 2025, ẹ wo etí òjìji ayé lára rẹ̀: ó máa ń tẹ̀ kọrọdọ ni.

Ẹ má ṣe é lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ o. Ìtìjú á jẹ́ kó túbọ̀ dì í mú ni.