Bí a ṣe ń gbé àwòrán kọ́ sí gálẹ́rì yunifásítì tí ará ìlú ń wọ̀

Àlejò oríṣi méjì ló ń wọ gálẹ́rì inú yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé báàgì sẹ́yìn á yà wọlé kó tó lọ sí kíláàsì. Ará ìlú ní tirẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn wá, kò mọ ọgbà náà, ó sì lè má tíì wọ gálẹ́rì kankan rí. Ẹni kejì yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá ń to iṣẹ́ ọnà.

Àpótí tí wọ́n fi kó àwòrán wá, ẹ má ṣí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà nínú yàrá náà fún wákàtí 24, kí ohun inú rẹ̀ lè bá ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀ mu. Bí ẹ bá ṣí àpótí tó tutù nínú yàrá tó móoru, omi á sẹ̀ sójú dígí, bébà á ká kò, igi á wú. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wò: iwájú, ẹ̀yìn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fà kọjá lójú àwòrán. Ìgbà náà ni ẹ ó rí ọ̀dà tó ti ń ṣí àti kánfáàsì (aṣọ tí wọ́n ya àwòrán sí) tó ti tẹ̀. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ẹni méjì fọwọ́ sí i. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, nítorí bí pẹ́ńsù bá ṣèèṣì kan iṣẹ́, ó ṣeé pa rẹ́. Bírò kò ṣeé pa. Bí ẹ bá fo ìgbésẹ̀ yìí, tí ẹni tó ni iṣẹ́ sì rí ibi tó họ nígbà tí ẹ dá a padà, ẹ ò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ń gbé e, ẹ má di òkè férémù mú: ọwọ́ kan lábẹ́, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìbọ̀wọ́ nitrile (irú rọ́bà kan) sàn ju ti òwú lọ, torí òwú máa ń yọ̀ lára férémù tó ń dán. Fóòmù ni kí ẹ gbé e lé, kì í ṣe ilẹ̀ lásán.

Gíga ló máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Wọ́n á to orí gbogbo férémù dọ́gba, tàbí ìdí wọn. Lójú, àwòrán ńlá á dà bíi pé ó ń rì, kékeré á lọ há sókè. Àárín iṣẹ́ ni a ń wọ̀n. Kí àárín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà ní sẹ̀ǹtímítà 150 sí ilẹ̀. Àwọn kan ń lo 145, àwọn mìíràn 155. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ má yí i padà láti yàrá dé yàrá.

Láti mọ ibi tí ìṣó máa wọ̀, ẹ pín gíga férémù sí méjì, ẹ fi kún 150, kí ẹ wá yọ ìwọ̀n láti orí férémù sí ibi tí wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ti gbé kọ́. Ká ní férémù ga ní 80, tí wáyà sì wà ní 12 sísàlẹ̀ orí rẹ̀: 150, kún 40, yọ 12, ìṣó wà ní 178. Ẹ fa wáyà le sókè kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, bí ẹni pé ó ti wà lórí ìṣó. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n nígbà tó dẹ̀, àwòrán á wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó sì tún ògiri lu. Ìṣó méjì sàn ju ọ̀kan lọ, nítorí àwòrán orí ìṣó kan á máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbàkígbà tí ilẹ̀kùn bá gbá. Bó bá jẹ́ méjì, ìka méjì ni kí ẹ fi fa wáyà, kí àyè àárín ìka bá àyè àárín ìṣó mu. Lára ògiri símẹ́ńtì, súkúrúù ni kí ẹ lò, pẹ̀lú ike tí a ń kì bọ inú ihò kí ó lè dì í mú.

Àyè láàárín iṣẹ́ kò le. Ká ní ògiri fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 620, fífẹ̀ iṣẹ́ márùn-ún jẹ́ 70, 70, 90, 60 àti 60, àpapọ̀ 350. Ó ku 270. Àlàfo mẹ́fà ni, pẹ̀lú ti ìkángun ògiri méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan 45. Síbẹ̀ ẹ kọ́kọ́ to gbogbo wọn sí ìdí ògiri wò, torí iṣẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ń pariwo lè bo èyí tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà mọ́lẹ̀, ìṣirò kò sì ní sọ fún yín.

Iṣẹ́ orí bébà, fọ́tò aláwọ̀ àti aṣọ kò gbọ́dọ̀ gbà ju 50 lux lọ (lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí nǹkan); ọ̀dà olóròóró àti akirílíìkì (ọ̀dà tí a ń fi omi pò) lè gba 200. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò, ó sì ń kún ara wọn ni: wákàtí mẹ́wàá ní 100 lux kò yàtọ̀ sí ogún wákàtí ní 50. Nítorí náà, ẹ pa iná nígbà tí kò bá sí àlejò. Kí iná orí òkè fi nǹkan bíi dígírì 30 yẹ̀ kúrò ní òòró gangan. Bó bá sún mọ́ ògiri jù, òjìji férémù á bo àwòrán. Bó bá jìnnà jù, òjìji àlejò ló máa bò ó. Ẹni tó ń ti inú oòrùn bọ̀ á rò pé yàrá 50 lux ṣókùnkùn, nítorí náà ẹ má fi iṣẹ́ bébà sí ẹnu ọ̀nà.

Káàdì àlàyé: kí ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ póìntì 18 ó kéré tán, ẹ̀gbẹ́ kan náà lára gbogbo iṣẹ́, ibi tí ẹni tó jókòó sórí àga onítáyà lè kà á. Àga náà nílò àyè sẹ̀ǹtímítà 150 láti fi yí po. Ẹ pèsè ibi tí a ń kó báàgì ẹ̀yìn sí, torí òun ló ń gbá ère ṣubú ju ọwọ́ lọ.

Ó wá ku ọ̀nà. Ashmolean, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Yunifásítì Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń gba ará ìlú wọlé láti 1683, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ni ohun tó wà nínú ọgbà. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí géètì pé gbogbo ènìyàn ló lè wọlé, ẹ kọ wákàtí àti àsìkò ìsinmi tí ẹ ń tì í, kí ẹ sì bá àwọn ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà máa bi àlejò ní káàdì ìdánimọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ ẹni tí kò dé ọgbà yín rí pé kó rìn láti géètì wá bá yín láìbéèrè ọ̀nà. Ibi tó bá ti dúró tó ń wo ọ̀tún wo òsì, ibẹ̀ ni kí ẹ ri àmì sí.