Bí mo ṣe kó àwọn tíṣà kọ́lẹ́ẹ̀jì wa jọ sídìí ìwádìí

Máàsì ni mò ń kọ́ wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní England níbí, irú ibi tọ́mọ máa ń lọ lẹ́yìn girama láti kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, irun ṣíṣe, iná mànàmáná. Àwọn tíṣà ibẹ̀ mọṣẹ́ wọn dunjú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ ìwádìí báyìí, wọ́n á ní tàwọn ará yunifásítì nìyẹn. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ohun tí wọ́n ń fojú rí ní kíláàsì lójoojúmọ́, ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ò lè rí i láéláé. Ni mo bá lọ bá ọ̀gá wa ní September, mo ní kó jẹ́ kí n dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣì í ni pé mo tẹ àpilẹ̀kọ olójú ewé 20 fún gbogbo wọn, mo ní ká kà á ká wá jíròrò. Àwa 9 la pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kejì a ò ju 3 lọ, kò sì sẹ́ni tó kà á tán. Mi ò bá wọn wí o, ẹni tó ti dúró níwájú ọmọ láti àárọ̀, tí ìwé tó fẹ́ máàkì ṣì kún tábìlì, ibo ló ti fẹ́ ráyè?

Nígbà tá a tún jókòó, bébà funfun kan ni mo fún kálukú, mo ní kí wọ́n kọ nǹkan kan ṣoṣo tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ní kíláàsì tí wọn ò mọ ìdí ẹ̀. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Tíṣà bíríkìlà wa kọ ọ́ pé, "Kí ló dé táwọn ọmọ mi ń sá fún ìṣirò, nígbà tó jẹ́ pé àwọn náà ló ń wọn ògiri láìṣì?" Mo ní ìbéèrè ìwádìí nìyẹn. Ó wò mí, ó ní ṣé lóòótọ́?

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré, torí láti 2014, ọmọ tí ò bá tíì yege máàsì àti English ní GCSE, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe parí girama níbí, gbọ́dọ̀ máa kà á nìṣó tó bá fi lè dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, owó tí ìjọba ń san lórí ẹ̀ so mọ́ ọn.

Ohun tá a ṣe ni wọ́n ń pè ní action research, tí Kurt Lewin, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, kọ̀wé lé lórí ní 1946: o gbèrò nǹkan, o dán an wò, o ṣọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, o tún un gbèrò. Bíríkìlà wa fa ìlà sínú ìwé kékeré kan. Bíríkì 60 ló ń wọ ògiri mítà kan níbùú lóròó tó bá jẹ́ ìlà bíríkì kan ṣoṣo ni wọ́n tò, ó wá ní kí wọ́n ṣírò ògiri tó gùn ní mítà 4, tó ga ní mítà 2. Ọ̀sẹ̀ kan lórí bébà, ọ̀sẹ̀ kejì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀ wọ́kíṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5, ó sàmì sí i. Ti ṣọ́ọ̀kì pọ̀ ju ti bébà lọ dáadáa, inú ẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọjọ́ Friday lọ́sàn-án ló máa ń ṣe ti bébà, ìgbà tó ti rẹ gbogbo ọmọ, mo ní kó gbé ọjọ́ yẹn fún ti ṣọ́ọ̀kì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ náà dínkù, àmọ́ kò tán, ó wá di ohun tá a lè fọkàn tán díẹ̀.

A gba ìyọ̀ọ̀da lọ́wọ́ àwọn ọmọ, a yọ orúkọ wọn kúrò, a sì là á yé wọn pé ẹni tó bá kọ̀, kò ní kan máàkì ẹ̀, torí ọmọ tí tíṣà ẹ̀ ń bẹ̀ lè máa bẹ̀rù àtisọ pé rárá.

Nǹkan méjì ni mo bẹ ọ̀gá fún, òun ló sì mú gbogbo ẹ̀ dúró: kó yọ mítìnì kan kúrò ká lè ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kó má sì fi ohun tá a bá rí díwọ̀n ẹnikẹ́ni, kí tíṣà má baà máa fi èyí tí ò yọrí pa mọ́.

Ní June kálukú gba ìṣẹ́jú 5. Tíṣà irun ṣíṣe sọ pé ohun tóun gbìyànjú ò yí nǹkan kan padà, òun la sì bi ní ìbéèrè jù. Bíríkìlà wa ti lẹ bébà tuntun mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù báyìí, ìbéèrè September ló wà lórí ẹ̀.